Bí Ẹ Ó Bá Dá Ẹja Padà Sómi, Ẹ Jẹ́ Kó Yè

  

 Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdọọdún ni wọ́n máa ń tún ṣí odò fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja ní England. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ju ìwọ̀ sínú odò láti mú ẹja bíi barbel, chub, pike tàbí roach, nítorí pé àsìkò náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń yé ẹyin. Òfin náà kì í ṣe tuntun o. Ọdún 1878 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Tí ilẹ̀ ọjọ́ 16 bá ń mọ́ báyìí, ẹ ó rí àwọn ènìyàn létí odò kí oòrùn tó yọ, pẹ̀lú àga, agbòjò àti tíì gbígbóná nínú fúláàsì.

Inú mi ń dùn pé àwọn ọmọ Yorùbá tó fìdí kalẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wà láàárín wọn. Ẹ rìn lọ sí etí odò Lea lápá Tottenham tàbí Hackney Marshes lópin ọ̀sẹ̀, ẹ ó rí bàbá tó ń fi han ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ̀ mọ́ okùn, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Odò tó lórúkọ ni Lea yìí. Nígbà tí Izaak Walton tẹ ìwé rẹ̀ lórí ẹja pípa jáde lọ́dún 1653, òkè Tottenham ni ó ti mú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà gbéra, tí wọ́n forí lé ọ̀nà Ware. Ó ti ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún àti àádọ́ta lọ tí àwọn ènìyàn ti ń tẹjú mọ́ omi yẹn.

Àwọn àgbà sì ní, bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ní Ẹ̀pẹ́ tàbí ní Màkókò, ẹja tó bá ti wọ inú ọkọ̀ ti di owó ọjà àti oúnjẹ ọmọ. Kò sí ẹni tó máa mú ẹja ńlá tó máa dá a padà sínú ọ̀sà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ilé ni. Ní ìhín, fàájì ni fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, odò kò tóbi, àwọn tó ń jókòó tì í sì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi sọ pé nínú odò, ẹnì kan kò gbọdọ̀ mú pike tó ju ẹyọ kan lọ sílé lójúmọ́, kí gígùn rẹ̀ má sì ju sẹ̀ǹtímítà 65. Grayling méjì tí gígùn wọn wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí 38. Àti ẹja kéékèèké 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ẹ wá rò ó wò. Barbel tó dàgbà, carp tó kún ọwọ́, pike tó ti di ìyá àgbà nínú omi, gbogbo wọn ni òfin ní kí ẹ dá padà. Ní ti eel, ẹja gígùn tí ẹlòmíràn máa ń fi ojú ejò wò, ẹ kò gbọdọ̀ mú ìkankan lọ sílé, ì báà kéré, ì báà tóbi, nítorí pé iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ gidigidi jákèjádò ilẹ̀ Yúróòpù. Nínú adágún tó jẹ́ ti ẹnìkan, ẹ kò lè gbé ẹja kankan lọ àfi tí ẹni tó ni ín bá fún yín ní ìwé. Kí ẹ sì tó ju ìwọ̀ rárá, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ ìpẹja lọ́dọ̀ Environment Agency, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àyíká. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ ọdún 13 sí 16. Ẹni tí wọ́n bá bá tó ń pẹja láìní in lè san owó ìtanràn tó tó 2,500 pọ́n-ùn.

Nítorí náà, ẹja tí ọ̀pọ̀ wa bá mú, a ó dá a padà. Orí dídá padà náà ni ọ̀rọ̀ mi wà lónìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tí ẹja bá ti kúrò lọ́wọ́ wọn tó jùrù, tó wọ inú omi lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹja ti yè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja lè wẹ̀ lọ lójú yín kó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí lọ́túnla, nísàlẹ̀ omi níbi tí ojú yín kò tó. Ẹni tó pa ẹja tó sì jẹ ẹ́, ó rí nǹkan fi í ṣe. Ẹni tó dá ẹja padà kó lè lọ kú sínú omi, kò jẹ ẹ́, kò sì dá a sí. Òfò ni, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í fi oúnjẹ ṣòfò, ká má tíì sọ ẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú wa ti mọ̀ láti kékeré, nítorí ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé ìṣòro wa ti ń wá. Ẹja tí ọ̀pọ̀ wa fojú rí láàyè nílé ni àrọ̀. Inú ọpọ́n ni ó máa ń wà lọ́jà Oyíngbò, omi inú ọpọ́n náà lè má bò ó lẹ́yìn, síbẹ̀ yóò wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń tà á yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, yóò gbé e sínú ọ̀rá, ẹ ó gbé e wọ mọ́tò, tí ẹ bá dé ilé yóò ṣì máa ta nínú síǹkì. Ẹni tó dàgbà pẹ̀lú irú ẹja bẹ́ẹ̀ kò ní ka ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ní ohun tí ọ̀pọ̀ ẹja kò ní. Lókè ibi tó fi ń mí nínú omi, ó ní ẹ̀yà ara mìíràn tó pẹ̀ka wẹ́wẹ́, òun ló fi ń gba afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè wọ́ ara rẹ̀ la ẹrẹ̀ kọjá nígbà tí adágún bá ń gbẹ.

Barbel kò ní in. Chub kò ní in, pike kò ní in, trout kò ní in. Àwọn abala pupa tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn nìkan ni wọ́n fi ń mí. Wọ́n tínrín gan-an, wọ́n pín sí fọ́nrán wẹ́wẹ́, omi tó ń gba àárín wọn kọjá ló sì ń mú kí wọ́n dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá ti gbé ẹja náà sókè, àwọn fọ́nrán yẹn á wó lé ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, ẹja kò sì ní rí nǹkan kan mí mọ́. Ẹ sì rántí pé ìjà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán. Ìgbà tí ó nílò èémí jù lọ ni ẹ gbé e kúrò níbi tó ti lè mí.

Àwọn onímọ̀ méjì kan ní Kánádà, Ferguson àti Tufts, dán ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1992. Rainbow trout ni wọ́n lò. Wọ́n lé àwọn ẹja náà kiri nínú omi títí ó fi rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, kí wọ́n lè rí bí ẹja tó bá ìwọ̀ jà ṣe máa ń rí. Wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ sínú omi. Wọ́n gbé àwọn kan jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Wọ́n gbé àwọn yòókù jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 60. Nígbà tí wákàtí 12 fi kọjá, nínú àwọn tí wọn kò gbé jáde, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tó lo ìṣẹ́jú àáyá 30 lókè, ìdá 38 ló kú. Nínú àwọn tó lo ìṣẹ́jú kan gbáko, ìdá 72. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tí ariwo ọkọ̀ kò jẹ́ kó gbọ́: ìṣẹ́jú kan péré lókè omi, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún.

Inú ilé ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe nínú odò, ẹja kò sì le bákan náà. Carp a máa fara da afẹ́fẹ́ ju trout lọ. Mi ò sọ pé iye tó ń kú létí odò Lea nìyẹn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni bí àfikún ìṣẹ́jú àáyá 30 ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ikú di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń tú àpò wá fóònù rẹ̀ kí wọ́n lè ya òun ní fọ́tò, ó ti lo ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ.

Ohun kejì tí ọjà kọ́ wa ni bí a ṣe ń di ẹja mú. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ó sì ń yọ̀. Kí àwọn ìyá wa tó lè gé e, iyọ̀, eérú tàbí omi gbígbóná ni wọ́n fi ń bó yíyọ̀ yẹn kúrò lára rẹ̀. Fún ìkòkò ọbẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n fún ẹja tó fẹ́ padà sílé, ohun yíyọ̀ yẹn ni ààbò tó ní. Òun ló ń dènà kòkòrò àrùn, òun ni kì í jẹ́ kí omi máa wọ ara rẹ̀ bó ṣe wù ú. Níbi tó bá ti bó, àìsàn kan wà tó máa ń hu funfun sára ẹja, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn. Nígbà náà, ẹ̀yin ti wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ kò ní mọ̀ pé ìtẹ̀ka ọwọ́ yín ló wà lára ẹja tó ń kú nínú omi.

Nítorí náà, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ di ẹja mú, ẹ má fi tówẹ́ẹ̀lì, ẹ má sì fi ìbọ̀wọ́ tí ẹ fi ń sá fún òtútù. Ọwọ́ yín ni, kí ẹ sì kọ́kọ́ rì í bọ inú odò. Ẹ má tẹ́ ẹja sórí kọnkéré tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Wọ́n ń ta mátì kan tó rọ̀ tí wọ́n fi fóòmù sínú rẹ̀, òun ni ẹ óò tẹ́ ẹja lé. Kí ẹ bu omi odò rin ín dáadáa kí ẹja tó dé orí rẹ̀, pàápàá nígbà oòrùn, nítorí mátì dúdú tó ti sá sóòrùn fún wákàtí kan, ọwọ́ ènìyàn gan-an kò fẹ́ gbé e.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ti pẹ́ jù tó bá jẹ́ pé etí odò ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ni ìtọ́jú ẹja ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ bá ń to àpò yín. Ẹ wo ẹnu ìwọ̀ yín: ẹ ó rí ẹ̀gún kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn, òun ni kì í jẹ́ kí ìwọ̀ yọ bọ̀rọ̀. Ẹ ra èyí tí kò ní ẹ̀gún yẹn, tàbí kí ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún náà mọ́lẹ̀ títí ẹnu ìwọ̀ yóò fi dán. Àwọn kan yóò ní ẹja á bọ́. Tí ẹ kò bá jẹ́ kí okùn dẹ̀, ẹja kì í bọ́ tó bí wọ́n ṣe ń sọ, ìwọ̀ náà á sì yọ ní wẹ́rẹ́ láìya ẹnu rẹ̀. Okùn yín ńkọ́? Ó gbọdọ̀ le tó ẹja tí ẹ ń wá. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń yangàn pé okùn tínrín bí irun ni àwọn fi mú barbel ńlá, pé ó fi hàn pé ọwọ́ àwọn dá. Èmi kò rí ohun tó yẹ kí wọ́n yìn níbẹ̀. Okùn tínrín túmọ̀ sí pé ìjà tó yẹ kó parí kíákíá yóò máa lọ títí. Bí ìjà náà bá ṣe ń pẹ́ tó ni oró làálàá ń kún ẹran ara ẹja tó, irú èyí tó máa ń kún ẹran itan ẹni tó sáré kọjá agbára rẹ̀. Ẹja tó bá ti rẹ̀ dé ibẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè rọra gbé e tó, ìdajì ikú ti wà lára rẹ̀.

Àwọ̀n ọlọ́wọ́ tí ẹ ó fi gbé e náà ní òfin tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní kókó, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irin, nítorí pé kókó àwọ̀n a máa fá ìpẹ́, a sì máa ya lẹbẹ. Tí ẹja bá ti wọ inú àwọ̀n, ẹ fi àwọ̀n náà sílẹ̀ sínú omi. Kí ló ń lé yín? Ẹ jẹ́ kó sinmi níbẹ̀. Ẹ to ẹ̀mú, mátì àti fóònù yín sí ìtòsí. Bí ẹ bá rí ìwọ̀ náà ní ètè rẹ̀, ẹ yọ ọ́ nínú omi níbẹ̀, kí ẹja náà má tilẹ̀ rí afẹ́fẹ́. Ìyẹn ló dára jù lọ nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀.

Nígbà mìíràn ìwọ̀ á ti wọ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má fà á. Ọkàn ẹja kò jìnnà sí ọ̀fun rẹ̀ rárá, ẹni tó bá ń fa ìwọ̀ tu níbẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ẹ gé okùn náà níbi tó súnmọ́ ìwọ̀ jù, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹja tí wọ́n gé okùn fún ń yè ju èyí tí wọ́n fa ìwọ̀ tu nínú rẹ̀ lọ, àwọn mìíràn a sì pọ ìwọ̀ náà jáde fúnra wọn nígbà tó bá yá. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ má fi ọ̀pá yín sílẹ̀ lọ sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ẹja tó gbé ìjẹ mì ni ẹja tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Pike ńkọ́? Ojú rẹ̀ le, eyín rẹ̀ pọ̀, ó sì ń já ènìyàn láyà. Nítorí náà, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n a máa fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá gbọn ara. Ó dùn mí púpọ̀ nítorí pé pike wà lára àwọn ẹja ńlá inú omi ilẹ̀ yìí tó máa ń yára kú bí ọwọ́ bá le sí i. Ẹ lo okùn wáyà níwájú ìwọ̀ kó má baà gé e, ẹ mú ẹ̀mú gígùn dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń di àgbọ̀n rẹ̀ mú láìkan abala pupa rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ yín lójúkojú. Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn lórí rédíò. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Barbel ni mo fẹ́ràn jù, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ẹja odò tó ń ṣàn ni, ara rẹ̀ le, ó ní irùngbọ̀n mẹ́rin lẹ́nu, kì í sì í mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi ìjà sílẹ̀. Àwọn ẹja mìíràn á jà, tó bá yá wọ́n á gbà. Barbel á lo gbogbo agbára rẹ̀ títí kò fi ní ṣẹ́ ku nǹkan kan. Nígbà tí ẹ bá gbé e dé, ó lè má tilẹ̀ lè gbé ara rẹ̀ dúró ṣánṣán nínú omi. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ báyẹn, á yí ikùn sókè, odò á máa gbé e lọ, á sì kú. Ohun tí ẹ óò ṣe ni pé kí ẹ wọ inú omi tí kò jìn, níbi tí odò ti ń rọra ṣàn. Ẹ dì í mú ní ìrù àti lábẹ́ ikùn, kí orí rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kí omi lè gba ẹnu rẹ̀ wọlé kó sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde. Ẹ má máa tì í síwá tì í sẹ́yìn bí mo ṣe ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Omi tó ń gba ẹ̀yìn wọlé kò wúlò fún un. Ẹ kàn dúró tì í. Ó lè gba ìṣẹ́jú púpọ̀, ó lè pẹ́ ju ìjà tó jà lọ. Ìrù rẹ̀ ni yóò sọ fún yín. Nígbà tó bá ń ta á pẹ̀lú agbára, tó ń fẹ́ já gbà kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ tú u sílẹ̀. Èmi gbà pé ẹni tí kò ní àkókò láti dúró ti barbel kò yẹ kó ju ìwọ̀ sí i.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn fẹ́ rí i, àwọn ọmọ fẹ́ rí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa yà á ti dúró, kí fóònù ti wà ní títàn, kí ẹja tó kúrò nínú omi. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ má dìde dúró, kó má baà já bọ́ láti òkè. Ọwọ́ kan ní ìdí ìrù, ọwọ́ kejì lábẹ́ àyà lẹ́yìn lẹbẹ iwájú, kí ẹja wà ní ìbú. Ẹ má fi ètè tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé e kọ́: inú omi, omi ló ń gbé ìwọ̀n ara rẹ̀, kò sí ohun tó ń gbé ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dúró nígbà tó bá ń rọ̀ lókè. Lọ́gán tí ẹ bá gbé e, ẹ̀yin náà ẹ dá èémí yín dúró. Nígbà tí ẹ bá nílò láti mí, ẹja ti gbọdọ̀ padà sómi.

Ooru tún wà. Omi tútù nini lè gba ọ́síjìn tó mílígíráàmù 14 nínú lítà kan. Tó bá gbóná dé 20 lórí ìwọ̀n Celsius, kò lè gba ju bíi 9 lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà ooru gan-an ni ara ẹja ń béèrè ọ́síjìn púpọ̀ sí i. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa fi tẹmómítà wọn omi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá trout àti salmon sì máa ń ká ọ̀pá wọn tó bá ti ń súnmọ́ 20. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún barbel náà. Lójú odò, òwúrọ̀ kùtù ló tutù jù. Nínú adágún tí koríko omi ti pọ̀, ẹ ṣọ́ra fún ìdájí, nítorí pé láti alẹ́ ni àwọn koríko náà ti ń lo ọ́síjìn láìmú òmíràn wá, ìdájí ló sì máa ń kéré jù.

Kí ẹ lè rí ohun tí ìtọ́jú ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ nípa carp méjì. Ọ̀kan gbé ní adágún Conningbrook nítòsí Ashford ní Kent, Two-Tone ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2008, ìwọ̀n rẹ̀ tó pọ́n-ùn 67 àti áńsì 14, ó ju kílò 30 lọ, kò sì sí carp tí wọ́n tíì fi ìwọ̀ mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tó wúwo tó o. Ó kú lọ́dún 2010. Wọ́n fojú bù ú pé ó ti tó ọmọ ọdún 45. Ẹ ronú sí i: láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló gbé ẹja yẹn, àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì sí láyé nígbà tó ti ń wẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì gbé e padà dáadáa. Ọwọ́ kan ṣoṣo tó le ì bá ti parí rẹ̀.

Èkejì ni Benson, abo carp tó gbé ní Bluebell Lakes nítòsí Peterborough. Ó ju pọ́n-ùn 64 lọ, ìròyìn sì sọ pé wọ́n ti mú un tó ìgbà 63. Lọ́dún 2009 ni wọ́n bá a tó léfòó ní òkú. Òfíò tí wọn kò sè ni ọ̀pọ̀ fura sí. Ìfura ni o, mi ò sọ pé ìdájọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òfíò, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń gbé kiri nínú ike nílé, tí a ń rún lẹ́nu. Carp fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àwọn apẹja ilẹ̀ yìí sì ń lò ó fún ìjẹ. Òfíò gbígbẹ máa ń wú nígbà tó bá rí omi. Eyín wa ti lọ̀ ọ́ kúnná kó tó dé inú wa. Bó bá wú nínú ìfun ẹja, kò sí ibi tó máa gbà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọdọ̀ rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 24, kó sì sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó fi sẹ́nu ìwọ̀. Kí ẹ tún bi ẹni tó ni adágún kí ẹ tó gbé e wá rárá, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ti fòfin de é.

Ẹnìkan lè bi mí pé, tí ẹ kò bá ní jẹ ẹ́, kí ni ẹ ń wá lọ síbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ní Jámánì, òfin ààbò ẹranko béèrè pé kí ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà kí ènìyàn tó fa ìrora fún ẹranko tó ní egungun ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì ń mú ẹja kìkì kó lè dá a padà lè rí ẹjọ́ níbẹ̀. Lójú wọn, ẹja tí o kò bá fẹ́ jẹ, fi sílẹ̀ nínú omi. Ní England àti Wales, òfin lọ sí òdìkejì: láti ọdún 1999, salmon tí ẹ bá fi ọ̀pá mú kí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà tó pé, dandan ni kí ẹ dá a padà, nítorí pé salmon ń dínkù. Èmi ń lọ sétí omi, n ó sì máa lọ. Mo rí i pé àwọn tó ń jókòó ti odò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mọ̀ tí nǹkan bá ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì kì í kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó fi fàájì tirẹ̀ da ẹja láàmú ti jẹ ẹja náà ní gbèsè, ìtọ́jú tí mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni owó tó fi ń san án. Bí ọjọ́ náà bá gbóná jù, bí mátì kò bá sí, bí ẹ kò bá ní ẹ̀mú, kí ẹ má ju ìwọ̀ rárá lọ́jọ́ náà.

Ẹja nìkan kọ́ ni ìtọ́jú yìí wà fún: okùn tó bá já, ẹ ká a sínú àpò lọ sílé, ẹyẹ ni ó ń so lẹ́sẹ̀. Òjé kéékèèké tí wọ́n ń fi sí okùn láti mú un rì, òfin ti lé e kúrò láti ọdún 1987 nítorí pé ó ń pa ẹyẹ swan. Èyí tí kì í ṣe òjé ni kí ẹ rà.

Ohun tó kù ni èyí. Tí ẹ bá dé etí omi tí ẹ rí i tí ẹja ń gbé ẹnu sókè bíi pé wọ́n ń wá èémí, tàbí tí òkú ẹja ń léfòó, ẹ má ju ìwọ̀ síbẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan omi náà. Ẹ pe Environment Agency ní 0800 80 70 60. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọ́n á bi yín ní orúkọ odò, afárá tó súnmọ́ yín jù, àwọ̀ omi, bó ṣe ń rùn, àti bí ẹja tí ẹ rí ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ibẹ̀, ẹ fi fóònù wo ibi tí ẹ dúró sí kí ẹ tó pè wọ́n, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró. Nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i: 0800 80 70 60.